Ilẹ̀ Abẹ́ Pátákò: Ìtàn Pápá Eré Ẹṣin láti Lingfield dé Santa Anita

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìwé yìí ní kí n kọ nǹkan sínú rẹ̀, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì tàbí ọ̀rọ̀ títì ni wọ́n ń retí lẹ́nu mi, nítorí pé iṣẹ́ títì ni mo fi ọdún márùndínlógójì ṣe lábẹ́ ìjọba. Ọ̀rọ̀ ẹṣin ni mo mú wá. Ẹ má rò pé arán ti ń bá mi. Àwa Yorùbá tí a fi apá àríwá yìí ṣe ilé, ojú wa kì í kúrò lára ẹṣin. Bí Iléyá bá ti dé, àwa náà a jókòó wo Dọ́bà pẹ̀lú àwọn ọmọ wa. Ẹṣin kì í sì í ṣe àlejò nínú ìtàn tiwa. Àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin wà lára ohun tó jẹ́ kí Ọ̀yọ́ Ilé lágbára lórí ilẹ̀ ọ̀dàn, agbára yẹn kan náà ló sì rọ nígbà tó dé etí igbó.

Ohun tó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1986. Injiníà kékeré ni mí nígbà náà, ní iléeṣẹ́ ìjọba kan tí n kò ní dárúkọ. Àlejò pàtàkì kan ń bọ̀ ní ìlú kan tó wà lábẹ́ wa, wọ́n sì fẹ́ fi eré ẹṣin dá a lára yá. Ọ̀gá mi ní kí n lọ tún pápá ṣe. Oṣù Kejì ọdún ni, ọyẹ́ ṣì ń fẹ́, ilẹ̀ gbẹ kankan. Mo kó gíréda lọ, mo kó róólà lọ. Mo da yangí sí gbogbo ibi tó jin kòtò, mo wọ́n omi sí i, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ bọ̀ títí ó fi le bí ojú títì tí ọ̀dà nìkan kù fún. Inú mi dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Bàbá kan wà níbẹ̀, ará Hausa, tó ti ń tọ́jú ẹṣin láti kékeré. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ gún ilẹ̀, ọ̀pá náà ta padà. Ó wò mí, ó sọ ọ́ ní èdè rẹ̀ pé, "Injiníà, ẹṣin kì í ṣe mọ́tò o." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kí bàbá má ṣe ìyọnu.

Eré àkọ́kọ́ lọ dáadáa, èkejì náà lọ dáadáa. Ẹṣin ń fò bí ẹyẹ, àwọn èèyàn ń pariwo pé irú eré báyìí kò tíì ṣẹlẹ̀ rí nílùú náà. Nínú eré kẹta, níbi tí pápá ti ṣẹ́ kọ́nà, ẹsẹ̀ iwájú ẹṣin bàbá yẹn kán. A gbọ́ ìró rẹ̀ níbi tí a jókòó sí. Ọmọdékùnrin tó gùn ún fi èjìká balẹ̀, egungun rẹ̀ ṣẹ́, ṣùgbọ́n ó yè é. Wọ́n dúńbú ẹṣin náà lójú kan náà. Bàbá kò bá mi wí rárá. Ó tú gàárì rẹ̀, ó gbé e lé èjìká, ó forí lé ilé. Nínú ìròyìn tí mo kọ sí ọ̀gá mi lọ́jọ́ kejì, mo kọ ọ́ pé pápá náà wà ní ipò tó dára jùlọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ohunkóhun tí ọwọ́ mi bá tẹ̀ nípa ilẹ̀ tí ẹṣin ń sáré lórí rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ohun tí àwa oníṣẹ́ títì ń wá lára ilẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí ẹṣin ń wá. Àwa ń fẹ́ ilẹ̀ tí kò ní mì, tí kò ní rì, tí ọkọ̀ agbépo yóò gùn tí kò ní fi àpá sílẹ̀. Ẹṣin eré wọ̀n tó nǹkan bí kílógíráàmù 450 sí 500. Bí ó bá ń sá àsápajúdé, ìgbà kan ń bẹ nínú ìgbésẹ̀ rẹ̀ tí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni ó wà nílẹ̀, ẹrù tó sì ń bọ́ lé ẹsẹ̀ yẹn a máa ju ìlọ́po méjì ìwúwo ara rẹ̀ lọ. Pátákò a kọ́kọ́ balẹ̀, a yọ̀ síwájú díẹ̀, a rì díẹ̀, kó tó tari ilẹ̀ dà sẹ́yìn. Bí ilẹ̀ bá kọ̀ láti gbà á, egungun ni yóò gba gbogbo rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá sì rọ̀ jù, bí yanrìn etí odò, iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ni yóò fà títí yóò fi ya. Nítorí náà, ìpele ìpele ni wọ́n ń ṣe pápá yẹ̀pẹ̀ tó dára: ìsàlẹ̀ tó le, tó tẹ́jú, tí omi ń gba ibẹ̀ lọ, àti òkè tó jẹ́ nǹkan bí íǹṣì mẹ́ta sí mẹ́rin tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ rú ní gbogbo ìgbà kó má baà dì. Ìsàlẹ̀ yẹn ni mo ṣe ní 1986. Òkè ni n kò mọ̀ pé ó yẹ kó wà.

Ọ̀rọ̀ ìdánrawò náà ti ibẹ̀ yọ. Egungun kì í ṣe òkúta, ohun alààyè ni. Ibi tí ẹrù bá ti ń bọ́ lé e lójoojúmọ́, ibẹ̀ ni ara yóò ti máa fi egungun tuntun kún un, ṣùgbọ́n ó ń gba ọ̀sẹ̀ àti oṣù. Bí wọ́n bá fi kìkì ilẹ̀ rírọ̀ tọ́ ọmọ ẹṣin, tí kò sáré kíákíá rí, egungun rẹ̀ kò ní mọ ohun tí ń bọ̀ lọ́jọ́ ìdíje. Bí wọ́n bá sì ń fi eré líle lórí ilẹ̀ líle bá a ṣe lójoojúmọ́, á sán wẹ́wẹ́ nínú, ojú kò ní rí i, jókí kò ní mọ̀, títí di ọjọ́ tí yóò ṣẹ́ pátápátá. Àárín méjèèjì yìí ni olùkọ́ ẹṣin tó mọṣẹ́ ń tọ̀, ilẹ̀ tó ń lò ní òwúrọ̀ sì ni irinṣẹ́ rẹ̀ tó tóbi jùlọ.

Títí di nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, irú ilẹ̀ méjì ni ayé ẹlẹ́ṣin mọ̀ dáadáa. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ireland àti Faransé, orí koríko ni. Òjò ló ń pinnu bí koríko yóò ṣe rí, wọ́n sì ní orúkọ fún gbogbo ipò rẹ̀, láti èyí tó le bí àpáta dé èyí tó rì bí ẹrẹ̀. Ẹṣin tó ń borí lórí ọ̀kan lè ṣe ẹ̀yìn lórí èkejì. Ní Amẹ́ríkà, orí yẹ̀pẹ̀ ni, ìyẹn yanrìn tí wọ́n pò mọ́ amọ̀ díẹ̀. Eré orí yẹ̀pẹ̀ yára láti ìbẹ̀rẹ̀, yẹ̀pẹ̀ tí ẹni iwájú ń ta sẹ́yìn a sì máa bá ojú ẹni ẹ̀yìn. Àwọn bàbá wa ní ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Lórí yẹ̀pẹ̀ Amẹ́ríkà, tẹ̀yìn kì í fi bẹ́ẹ̀ ríran. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé eré yìí dé ọ̀dọ̀ tiwa náà. Pápá eré ẹṣin ìlú Èkó ni a ti gbé àsíá Nàìjíríà sókè ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 1960, ibẹ̀ ni wọ́n sì sọ di Tafawa Balewa Square ní 1972.

Ilẹ̀ kẹta, èyí tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe, ti inú òtútù Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá. Ní ìgbà òtútù, koríko a dì gbagidi tàbí kí omi bò ó, ìdíje kò ní lè wáyé, àwọn tó ń gba owó tẹ́tẹ́ kò sì ní rí nǹkan gbà. (N kò ta tẹ́tẹ́ rí o, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé owó tẹ́tẹ́ ló ń bọ́ ẹṣin.) Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá 1989, wọ́n sáré àkọ́kọ́ lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní pápá Lingfield, Southwell sì tẹ̀ lé e kí ọdún náà tó parí. Ti àkọ́kọ́ kò pé. Èyí tó wá gbayì lẹ́yìn rẹ̀ ni Polytrack, tí Martin Collins ṣe, Lingfield sì tẹ́ ẹ ní 2001. Yanrìn ni, òwú àtọwọ́dá tí wọ́n gé kéékèèké, àti rọ́bà, wọ́n sì fi ìda kùn ún kí omi má baà dúró lára rẹ̀. Òjò ì báà rọ̀ ní àárọ̀, wọ́n á sáré lọ́sàn-án.

Ẹnìkejì tó yẹ kí n dárúkọ ni Michael Dickinson. Olùkọ́ ẹṣin ni, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Òun ló kó ẹṣin márùn-ún wá sí ìdíje Cheltenham Gold Cup ní 1983 tí àwọn márààrún sì gba ipò kìíní dé ìkarùn-ún. Ó kó lọ sí Maryland ní Amẹ́ríkà, ó sì ń po yanrìn mọ́ òwú àti ìda fúnra rẹ̀ títí ó fi rí èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Tapeta ló pè é. Ó ní ẹṣin kan tó ń jẹ́ Da Hoss, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò pé. Ẹṣin yìí gba Breeders' Cup Mile ní 1996, àìsàn ẹsẹ̀ dá a dúró fún nǹkan bí ọdún méjì, ẹ̀ẹ̀kan péré ló tún sáré kó tó padà wá gba ife kan náà ní 1998. Wọ́n máa ń sọ ọ́ pé Dickinson a ní kí obìnrin tó ń ràn án lọ́wọ́ wọ bàtà gogoro rìn yí pápá po, kí wọ́n lè mọ ibi tí ilẹ̀ ti le àti ibi tó ti rọ̀, kí jókí sì mọ ọ̀nà tí yóò gbà. Nígbà tí mo kà á, ọ̀pá bàbá Hausa yẹn ni mo rántí.

Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé wọn. Pápá Turfway ní Kentucky tẹ́ Polytrack ní 2005. Ní oṣù Karùn-ún 2006, ẹṣin tó ń jẹ́ Barbaro, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Kentucky Derby ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ṣẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ní ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje Preakness, lójú gbogbo orílẹ̀-èdè lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ, ó kú ní oṣù Kìíní 2007. Ní 2006 yẹn náà, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso eré ẹṣin ní ìpínlẹ̀ California pàṣẹ pé gbogbo pápá ńlá tó wà lábẹ́ wọn gbọ́dọ̀ kúrò lórí yẹ̀pẹ̀ kí 2007 tó parí.

Èmi tí mo ti inú fáìlì wá mọ irú àṣẹ báyìí. Ọkàn rere ló bí i, ẹṣin ń kú ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ parí wà nínú rẹ̀, ìwọ̀n tí wọn yóò fi mọ̀ pé iṣẹ́ dára kò sí níbẹ̀. Pápá kọ̀ọ̀kan ra ti ẹlòmíràn: Hollywood Park àti Santa Anita mú Cushion Track, Del Mar mú Polytrack, Golden Gate Fields mú Tapeta. Wọ́n ní kò ní gba ìtọ́jú púpọ̀. Ta ni yóò gbà pé ilẹ̀ kan wà tí kò ní fẹ́ ìtọ́jú? Ìda a máa rọ̀ nínú oòrùn, a sì máa le nínú òtútù, nítorí náà ilẹ̀ tí ẹṣin fi ṣe ìdánrawò ní àárọ̀ Del Mar kọ́ ni ó bá lọ́sàn-án. Ní 2003, lórí yẹ̀pẹ̀, Candy Ride gba Pacific Classic, eré tó jẹ́ nǹkan bí kìlómítà méjì, láàárín ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá 59. Ní 2007, lórí Polytrack, ẹni tó gba eré kan náà lo ìṣẹ́jú méjì àti ìṣẹ́jú àáyá méje. Ní Santa Anita, òjò ìbẹ̀rẹ̀ 2008 rọ̀, omi kò rí ọ̀nà lọ, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ìdíje sì bọ́ sọnù. Ilẹ̀ tí wọ́n rà nítorí òjò ni òjò lé wọn kúrò lórí rẹ̀! Wọ́n fi Pro-Ride láti Australia tún un ṣe.

Lórí Pro-Ride yìí ni Breeders' Cup ti wáyé ní 2008. Curlin, ọba ẹṣin Amẹ́ríkà lórí yẹ̀pẹ̀, ṣe ipò kẹrin nínú Classic. Raven's Pass tí John Gosden kó wá láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á, Henrythenavigator láti Ireland sì ṣe ìkejì. Ẹṣin orí koríko ni àwọn méjèèjì. Ẹ kò lè mọ bí ìyẹn ṣe dun àwọn tó ń bí ẹṣin ní Kentucky tó. Ẹṣin tí wọ́n ti fi ọgọ́rùn-ún ọdún yan ìran rẹ̀ fún yẹ̀pẹ̀, ilẹ̀ tí ẹnì kan pò nínú ẹ̀rọ ló sọ ọ́ di ẹni ẹ̀yìn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Zenyatta gba Classic lórí ilẹ̀ kan náà, òun ni abo ẹṣin àkọ́kọ́ tó gbà á. Àwọn kan ní ilẹ̀ àtọwọ́dá ló gbé e ga. Nínú ogún eré tó sá láyé rẹ̀, mẹ́tàdínlógún ló sá lórí irú ilẹ̀ yẹn, ó sì gba gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ó gba méjì nínú mẹ́ta tó sá lórí yẹ̀pẹ̀, nínú ẹ̀kẹta ní Churchill Downs ní 2010, orí ẹṣin kan péré ni Blame fi ṣíwájú rẹ̀. Lójú tèmi, ẹṣin ńlá ni, ibi yòówù kí ó tẹ̀.

Santa Anita kó ohun àtọwọ́dá náà dànù, wọ́n sì padà sórí yẹ̀pẹ̀ ní òpin 2010. Dubai, tó fi Tapeta ṣí pápá Meydan ní 2010, padà ní 2014. Del Mar padà ní 2015. Keeneland ti padà ní 2014. Mo dé Keeneland kó tó di ìgbà náà, nítorí pé ọmọ mi obìnrin ń gbé ní Lexington, mo sì lọ kí i ní oṣù Kẹwàá 2013. Ní òwúrọ̀, wọ́n ń jẹ́ kí ará ìlú wá sí etí pápá wo ìdánrawò lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé n kò gbọ́ ìró pátákò. Ẹṣin márùn-ún kọjá lójú mi bí ìgbà tí aṣọ ń fẹ́ lórí okùn. Mo bẹ̀rẹ̀, mo bu èyí tó ta sí ẹ̀gbẹ́ irin, mo fún un ní àtẹ́lẹwọ́. Ó dì mọ́ra díẹ̀, ó sì tún tú. Ọmọ mi ní kí n sọ ọ́ nù, pé àwọn èèyàn ń wò wá.

Ohun tó yẹ kí a bi ara wa ni pé kí ló dé tí wọ́n fi kọ̀ ọ́ sílẹ̀, nígbà tí ìṣirò wà pé ẹṣin kì í kú púpọ̀ lórí rẹ̀? The Jockey Club ti ń ka àwọn ẹṣin tó ń kú lẹ́nu ìdíje ní Amẹ́ríkà láti 2009. Lọ́dún yẹn, nínú ìgbà 1,000 tí ẹṣin jáde sáré, ó jẹ́ méjì tó ń kú. Ní 2022, ó ti wá sílẹ̀ sí 1.25. Lápapọ̀ ọdún wọ̀nyẹn, ilẹ̀ àtọwọ́dá ni iye tirẹ̀ kéré jùlọ, yẹ̀pẹ̀ ni tirẹ̀ pọ̀ jùlọ. Àwọn olùkọ́ ẹṣin ní ìdáhùn tiwọn: wọ́n ní pátákò kì í yọ̀ síwájú tó lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àti iṣan ló wá ń dun ẹṣin. Àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ ní àwọn kò mọ ẹṣin tí àwọn lè gbára lé mọ́. Ó yẹ kí a gbọ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n mo gbàgbọ́ pé ohun tó tóbi jù ni pé Kentucky Derby kò kúrò lórí yẹ̀pẹ̀ rí, owó ńlá tó wà nídìí ẹṣin bíbí sì ń tẹ̀ lé Derby.

Òjò tún dé bá Santa Anita. Láàárín òpin oṣù Kejìlá 2018 àti òpin oṣù Kẹta 2019, ẹṣin mẹ́tàlélógún ló kú níbẹ̀, nínú ìdíje àti nínú ìdánrawò. Òjò pọ̀ lọ́dún yẹn. Bí òjò bá fẹ́ rọ̀ sórí pápá yẹ̀pẹ̀, wọ́n a máa tẹ òkè rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó dì, kí omi lè ṣàn kọjá. Lẹ́yìn òjò wọ́n á tún rú u. Títẹ̀ àti rírú yìí ni wọ́n ń ṣe léraléra. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ó ṣe rí lára mi: nígbà tí mo ka ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ títẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn, mo pa ìwé dé, mo jáde síta. Wọ́n ti pápá ní oṣù Kẹta, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì tún ṣí i. Ìròyìn ìwádìí ìjọba ìpínlẹ̀ náà, tó jáde ní 2020, sọ pé ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn ẹṣin náà ló ti ní ọgbẹ́ àtijọ́ nínú egungun, ní ibi tó padà ṣẹ́. Àṣẹ orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo lórí ààbò pápá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ní oṣù Keje 2022. Ní 2023, Santa Anita tó kó ilẹ̀ àtọwọ́dá dànù tún tẹ́ Tapeta sí pápá kékeré tó wà fún ìdánrawò, kí ẹṣin lè rí ibi sáré ní ọjọ́ òjò.

Ó ṣeé ṣe kí ẹṣin bàbá yẹn náà ti ní ọgbẹ́ tẹ́lẹ̀ nínú egungun. Mo ti fi èyí tu ara mi nínú nígbà kan. Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ kékeré tó lè san bí ó bá bọ́ sórí ilẹ̀ tó gbà á, orí yangí tí mo tẹ̀ ló ti di ikú. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lóde òní, alábòójútó pápá a máa mú ọ̀pá kan dání tí wọ́n ń pè ní GoingStick. Yóò gún un wọlẹ̀, yóò fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀pá náà yóò sì kọ iye kan jáde tí yóò sọ bí ilẹ̀ ṣe le tó, wọ́n á sì kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé kí ẹṣin kankan tó kúrò nílé. Bí ìròyìn tí mo kọ ní 1986 bá ṣì wà nínú fáìlì níbi kan, mo fẹ́ kí ẹni tó bá rí i kọ ọ́ sí etí rẹ̀ pé pápá náà le jù, àti pé wọ́n ti sọ fún injiníà kí eré tó bẹ̀rẹ̀.